Ọbẹ̀ Àtẹ́ Tó Korò

Inú abọ́ tánńganran ni Àǹtí Àṣìkẹ́ gbé májèlé sí wọ àgọ́ ọlọ́pàá Ìlaró. Ó fi ọ̀rá dì í, ó tún fi gèlè wé e, ó wá rọra gbé e ka tábìlì Ínsípẹ́kítọ̀ Edith bí ẹni gbé sàárà wá.

"Májèlé tó pa ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ọbẹ̀ ilá tó jẹ kù ni. Inú fíríísà ni mo tọ́jú ẹ̀ sí, kí wọ́n má baà dà á nù."

Edith wo abọ́, ó wo màmá. Ọmọ tíṣà ìjọ ni Edith, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ojú ẹ̀ sì máa ń rí bí ojú ẹni tóorun ń kùn. Àwọn olè tó gbà pé ó ń sùn wà lẹ́wọ̀n báyìí.

"Ẹ ṣé, Màmá. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé májèlé ni?"

"Mo tọ́ ọ wò! Ó korò!"

"Ẹ tọ́ ọ wò?"

"Ìka mẹ́ta ni mo fi wọ́ ọ lá!"

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tó kú gan-an. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sọ́sípítù báyìí ni mo wọ yàrá ẹ̀."

"Màmá, kí ló wá dé tẹ́ ò tíì kú?"

Kọ́púrù tó ń mu gààrí nídìí káńtà gbàgbé ṣíbí sẹ́nu. Àǹtí Àṣìkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ọlọ́run ló yọ mí!"

"Àmín. Á yọ èmi náà." Edith ti tú gèlè, ó ti tẹ ìka bọ abọ́, ó sì ti lá a. Àǹtí Àṣìkẹ́ figbe ta. Kọ́púrù dìde. Edith kàn ń mi ẹnu jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ àwọn àna wò. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé orí ahọ́n ẹ̀. Lẹ́yìn iyọ̀ ni ìkorò kan wọlé, ó wá jókòó sẹ́yìn ahọ́n níbẹ̀ bí àlejò tí ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

"Ta ló fi iyọ̀ sí i?"

"Iyọ̀ kẹ̀? Roheemat? Obìnrin yẹn ò fi iyọ̀ sóúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi láti ọdún tó kọjá! Ìyà ló fi ń jẹ ẹ́ títí tó fi pa á!"

"Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí, Màmá. Ẹni tẹ́ ẹ mú kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ gbé wá níyọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ nìyí. Àlàájì Bàrúwà, oníṣòwò pàtàkì n'Ílaró, ni kíndìnrín ti ń yọ lẹ́nu fún bí ọdún kan. Ó jẹ ilá lọ́sàn-án, àyà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kíṣikìṣi, ó kú sọ́sípítù kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn ṣe wí. Erùpẹ̀ ibojì ò tíì gbẹ tí Husain, àkọ́bí ẹ̀, fi kó ọlọ́pàá wá mú Roheemat, ìyàwó kékeré tó se ọbẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ sì ti pàṣẹ: lọ́la, kóòtù.

* * *

Ilẹ̀ ni Roheemat jókòó sí nínú àtìmọ́lé, ó kọjú sógiri. Ọmọ Ìwòyè-Kétu ni. Ìbòrí dúdú tó fi bẹ̀rẹ̀ opó ṣì wà lórí ẹ̀. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló yẹ kó fi jókòó nílé ọkọ, ẹ wo ilé tí wọ́n mú un wá.

"Ìyá Asiyah," ni Edith fi orúkọ ọmọ pè é.

"Wọ́n ti parí ẹ̀, Ọ̀gá?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó fẹ́ pa mí."

"Àwọn ti parí tiwọn. Èmi ò tíì parí tèmi. Iyọ̀ tó báwo lo fi sí ilá yẹn?"

Roheemat yíjú padà wàrà. "Iyọ̀? Torí iyọ̀, ọkùnrin yẹn bú mi, ó bú ìyá tó bí mi. Ó ti da ẹ̀bà sí mi lára rí. Ó ní ẹran ọ̀sìn ò lè jẹ ohun tí mo sè. Mo ń sunkún, mo sì ń se àtẹ́ fún un, torí dókítà ní iyọ̀ á pa á. Ẹ wá ń bi mí léèrè iyọ̀?"

"Ìwọ náà jẹ nínú ìkòkò yẹn?"

"Èmi àti Asiyah. Ó tẹ́ bí omi òjò. Kò korò. Àwọn ló ń sọ pé ó korò."

"Ìgbà wo lẹ jà kẹ́yìn lórí iyọ̀?"

Obìnrin náà na àwọn ìka ẹ̀. Ó ka nǹkan sínú, ojú ẹ̀ wá yí padà. "Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kàn dẹ́kun ni. Ó ń jẹun tán. Ó ń lá abọ́. Mo ṣọpẹ́, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi."

"Ṣé ìṣojú ẹ ló ti ń jẹ ẹ́?"

"Rárá. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀, kí n pa ilẹ̀kùn dé. Tíṣà Alfred, ọ̀rẹ́ ẹ̀, nìkan ló máa ń wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń ta ayò."

Edith gbọn aṣọ, ó fẹ́ lọ.

"Ọ̀gá." Ohùn Roheemat ti wálẹ̀. "Tẹ́ ò bá rí ẹni tó ṣe é, ẹ má tú mi sílẹ̀. Ọmọ mi ń lọ síléèwé. Wọ́n ti ń pè é lọ́mọ apọkọ. Tí mo bá kàn jáde báyẹn, wọ́n á ní mo rí ọ̀nà ẹ̀yìn gbà ni. Orúkọ yẹn ni ọmọ mi á gbé wọlé ọkọ."

* * *

Tíṣà Alfred ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá iléèwé. Àwọn ewúrẹ́ ẹ̀ ló ń bá wí lọ́wọ́ nígbà tí Edith wọlé, wọn ò sì gbọ́ ju bí àwọn ọmọ iléèwé ẹ̀ ṣe gbọ́ lọ.

"Tíṣà, kí lẹ máa ń gbé wọlé fún Àlàájì?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin ni, báyìí."

Bàbá jókòó sórí àpótí. "Ẹ̀pà ni. Ẹ̀pà oníyọ̀. Inú sòkòtò ni mo máa ń tọ́jú ẹ̀ sí, bí ẹni gbé ìbọn. Kì í jẹ ẹ̀pà gan-an. Á kó o sẹ́nu, á fa iyọ̀ ara ẹ̀ mu, á tu ẹ̀pà síbi àtẹ́lẹwọ́. Bàrúwà! Ọkùnrin tí gbogbo Ìlaró ń dọ̀bálẹ̀ fún! Ó sunkún níwájú mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, 'Alfred, tálákà tó ń ṣagbe lẹ́nu géètì mi, ó jẹ iyọ̀ lónìí.'"

"Ẹ̀pà yín ló pa á nìyẹn."

Edith mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni. Tíṣà fò dìde lórí àpótí. "Bẹ́ẹ̀ kọ́! Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n dá a dúró. Ó ní, 'Tíṣà, ẹ máa jẹ ẹ̀pà yín, mo ti rí tèmi.' Mo ní kí lẹ rí? Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì dáadáa."

"Nígbà tó ń fa iyọ̀ ẹ̀pà mu, báwo lẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe rí?"

"Ó wú. Ó wú bí ìdí ọ̀pẹ. Ìgbà tó fi ẹ̀pà sílẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Bàtà ẹ̀ tún ń wọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣé, Tíṣà. Ẹ̀pà yín ò pa á." Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́ o."

* * *

"Mo gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó tó kú," ni Dókítà Bólúwadúró wí, ọkùnrin tó ń tọ́jú Àlàájì. "Mi ò rí nǹkan tó jọ oró níbẹ̀. Pọtásíọ̀mù ló kún inú ẹ̀. Òun ló dá ọkàn ẹ̀ dúró."

"Dókítà, ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Nǹkan inú oúnjẹ ni, Màmá. Ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, nínú ẹ̀wà, nínú omi àgbọn. Ọkàn ò lè lù láìsí i. Tó bá wá pọ̀ jù, ọkàn ò tún lè lù."

"Gbogbo wa là ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Torí pé kíndìnrín wa ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ mọ ibodè Ìdí-Ìrókò?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Ibodè ni kíndìnrín jẹ́. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ní àìmọye ìgbà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ́bodè yìí le. Á kọ́kọ́ ní kí wọ́n já ẹrù sílẹ̀: omi, iyọ̀, pọtásíọ̀mù, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kan. Ìgbà yẹn lá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Èyí tí ara nílò, padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù, ó di ìtọ̀. Iyọ̀ tó já sílẹ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ lá ṣà padà, á wá ju ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù síta."

"Ta ló ń sọ fún un pé ó ti tó?"

"Ó ní ọ̀gá. Nǹkan kékeré kan dé orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan bí fìlà. Tí iyọ̀ bá dín lára, tàbí tí pọtásíọ̀mù bá fẹ́ pọ̀ jù, ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń wá: di iyọ̀ mú, tú pọtásíọ̀mù sílẹ̀."

"Ti Àlàájì ńkọ́?"

"Ọ̀gá ń pàṣẹ, aṣọ́bodè ti dákú. Iyọ̀ tó bá jẹ á dúró sára, á fa omi mọ́ra, ẹsẹ̀ á wú. Pọtásíọ̀mù tó bá jẹ náà á dúró. Ohun tí èmi àti ẹ̀yin á jẹ, tá a máa tọ̀ dànù, kò rí ọ̀nà jáde lára tiẹ̀."

Edith ti dijú. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á ní kí wọ́n bá a gbé ìrọ̀rí wá.

"Ohun tó pa á lèyí tí Àǹtí Àṣìkẹ́ lá, tí ò ṣe é ní nǹkan kan," ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. "Èmi náà lá a."

"Ẹ lá kí ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Ó fa iyọ̀ ẹ̀pà mu, ẹsẹ̀ wú. Ó rí nǹkan míì, ó fi ẹ̀pà sílẹ̀, ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà rí ẹsẹ̀ yẹn?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo tiẹ̀ yìn ín. Mo ní, 'Àlàájì, ẹ ti ń gbọ́ràn.'" Dókítà gbójú sílẹ̀. "Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀."

"Tó bá jẹ́ iyọ̀ tiwa yìí ló tún padà sídìí ẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ì bá lọ sílẹ̀?"

"Ká má rí i."

"Ọbẹ̀ tí mo lá dùn bí iyọ̀. Iyọ̀ ni lórí ahọ́n mi. Kì í ṣe iyọ̀ lẹ́sẹ̀ Àlàájì. Ó sì korò nígbẹ̀yìn. Dókítà, kí ló ń ṣe bí iyọ̀ lẹ́nu tí kì í ṣe iyọ̀?"

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀ sílẹ̀, ó rọra gbé e ka tábìlì.

"Iyọ̀ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru," ó wí. "Pọtásíọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ pé lè jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Àlàájì..."

"Ẹ kìlọ̀ ẹ̀ fún wọn?"

"Mo kìlọ̀ iyọ̀. Mo kìlọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo kìlọ̀ omi àgbọn."

"Èyí ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń tà á n'Ílaró, Màmá."

"Dókítà mi, ẹ gbàgbé ibi tílùú wa wà. Nǹkan tí ò bá sí n'Ílaró, tó bá ti wà ní Kútọnu, ó ti wà nílé wa nìyẹn."

* * *

Táyà tòkunbọ̀ ni Husain ń tà n'Ídìí-Ìrókò. Táyà yí i ká títí dé àyà, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kan ń fi Faransé bú ẹnì kan tó ń fi Yorùbá dá a lóhùn.

"Ṣé wọ́n ti gbé e lọ kóòtù, Ọ̀gá?" ni Husain kọ́kọ́ bi Edith.

Edith jókòó sórí táyà kan. "Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ ná. Wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ ò yọjú sí bàbá yín. Wọ́n ní obìnrin yẹn nìkan ló ń ṣe wàhálà ẹ̀."

Ẹ rí i, ẹni tẹ́ ẹ bá bi pé ta ló pa bàbá ẹ̀, á na ìka sẹ́lòmíì. Ẹ bi í pé ta ló tọ́jú bàbá ẹ̀.

"Ta ló pa irú irọ́ yẹn?" Husain ti na ọrùn. "Obìnrin yẹn fi àtẹ́ há bàbá mi lọ́fun! Èmi ni mo jẹ́ kó jẹun bí èèyàn kó tó kú! Èmi!"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn."

"Ẹ dúró." Ó ṣí bútù ọkọ̀ ẹ̀, ó gbé ìgò funfun kékeré kan jáde, ìwé ara ẹ̀ Faransé látòkè délẹ̀. "Ẹni tó ń ta táyà fún mi ní Kútọnu, ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe é. Lórí tábìlì oúnjẹ ẹ̀ ni mo ti rí i. Ilé oògùn ni wọ́n ti ń tà á o, kì í ṣe ojú ọ̀nà! Ẹ wò ó: sans sodium. Kò sí iyọ̀ kankan nínú ẹ̀! Dókítà ní bàbá ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Mo wá a débi tí mo fi rí èyí tí kì í ṣe iyọ̀. Méjì ni mo rà."

"Kí ni bàbá wí?"

Husain fọwọ́ kan àtàrí ara ẹ̀. "Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí. Ó ṣàdúrà fún mi títí. Ó ní nínú gbogbo ọmọ òun, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń dun òun."

"O ò sì sọ fún Roheemat."

"Bàbá ní ká má sọ. Wọ́n ní á ròyìn fún dókítà, dókítà á ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn."

Edith da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Iyọ̀ dé. Ìkorò tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn èèyàn rò pé ọjọ́ ayọ̀ ló máa ń jẹ́ fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó bá rí òkodoro. Ṣe ló ń ṣe Edith bíi pé kó gbé itọ́ yẹn mì, kó máa lọ sílé.

"Ọjọ́ tó kú, ṣé o dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?"

"Mo yà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ku bí ìdajì ìgò. Bàbá ní, 'Dà á sí i, ọmọ mi. Dà á sí i, ilá yìí tẹ́ jù.' Mo da gbogbo ẹ̀ sí i. Mo mú òfìfo ìgò dání jáde, kí ìyàwó wọn má baà rí i. Inú wọn dùn, Ọ̀gá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi gbére."

"Husain, jókòó."

"Mo dúró dáadáa."

"Jókòó, ọmọ mi."

Ó ṣàlàyé fún un. Kò gùn. Òótọ́ ni, kò sí iyọ̀ nínú ìgò yẹn. Pọtásíọ̀mù ló wà níbẹ̀. Ara ẹlẹ́jẹ̀ ríru á gbé e jáde, kíndìnrín ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ti bàbá ò lè gbé e jáde mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń kó jọ síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìdajì ìgò lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló parí ẹ̀.

Husain ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Oníbàárà kan dé, ó bi í ní iye táyà, ó tún bi í, ó bínú lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín," ni Husain wí. "Ohun kan náà ni dókítà ní kí àwọn méjèèjì má jẹ. Mo rò pé àìsàn kan náà ni."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹ tú u sílẹ̀, Ọ̀gá. Ẹ sọ pé àìsàn ló pa á. Ṣé irọ́ ni? Àìsàn náà ló pa á. Kí ló dé tá a fi máa dárúkọ mi sí i?"

"Òfin ò ní kí n so ọ́ mọ́lẹ̀. Roheemat á jáde lónìí, yálà o sọ̀rọ̀ tàbí o dákẹ́. Àmọ́ ta ni Asiyah jẹ́ sí ẹ?"

"Àbúrò mi."

"O mọ ohun tí wọ́n ń pè é níléèwé?"

Ẹnu Husain ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde.

* * *

Àwọn ẹbí ṣì pé sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ta sójúde Àlàájì. Roheemat bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, àwọn obìnrin kan ṣẹ́ aṣọ wọn kúrò lọ́nà, kó má baà fara kàn án.

Husain ò jẹ́ kí Edith sọ̀rọ̀. Ó dúró sáàárín, ó gbé ìgò sókè. Ó sọ gbogbo ẹ̀: Kútọnu, ìgò méjì, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pa dé, ilá. "Èmi ni mo dà á sí i. Obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan. Ó ń tọ́jú bàbá, èmi ni mo ń ba á jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Mo wá ń pariwo olè lé e lórí."

Àǹtí Àṣìkẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Obìnrin yìí ti fi oògùn mú ọmọ náà! Ó pa bàbá tán, ó ti yí ọmọ lórí! Iyọ̀ wo ló ń pa èèyàn? Iyọ̀ tá a fi ń sọmọ lórúkọ?"

"Àǹtí, èmi ni," ni Husain wí.

"Ẹ gbà á mú, ẹ gbà á mú, ojú ẹ̀ ti yí padà. Ẹ bá mi bu omi wá!"

Wọ́n dìde, wọ́n mú un jókòó. Ẹnì kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ẹnì kan ń bá a ka àdúrà sétí. "Èmi ni," ó ń wí, "èmi ni mo dà á sí i," wọ́n sì ń dá a lóhùn, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó máa lọ lára ẹ."

Edith sún mọ́ Roheemat. "Ṣé kí n gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ n'Íwòyè?"

"Ilé ọkọ mi ni mo ti máa ṣe opó mi, Ọ̀gá. Ẹni tí ò bá fẹ́ rí mi, kó dijú."

Ó gba àárín wọn kọjá. Asiyah ti sá jáde sí i látinú ilé, ó dì mọ́ ọn, ó fẹ́ fà á wọlé kíákíá kúrò lójú àwọn èèyàn. Roheemat ò gbà. Ó wọ́ ẹní sẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀, ó jókòó, ó fa ọmọ náà jókòó ti ara ẹ̀, ó yí ojú ẹ̀ sí ibi tí Husain ti ń jà láàárín àwọn tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i.

"Fetí sílẹ̀," ó sọ fún un. "Gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń wí. Àwọn yẹn ò ní gbọ́ ọ. Ìwọ gbọ́ ọ."